Ẹ̀fọn Tó Ń Fi Téèpù Wọn Orí

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo ti yọ bátìrì kúrò lára fìlà oníwáyà tó o ń dé kí iná rẹ̀ lè ta ọpọlọ rẹ jí torí ìdánwò. O ní ẹ̀fọn ló jẹ ọ́. Ẹ̀fọn wo ló ń fi téèpù wọn orí kó tó jẹ ẹ̀bátí méjèèjì lọ́gbọọgba? Orí kan ṣoṣo ni mo bí mọ́ ọ lọ́rùn, má sun ún jẹ. Kàwé!

Láàárọ̀ yìí, mi ò rántí ìwọ̀n oníbàárà tí mo fẹ́ gé aṣọ rẹ̀ mọ́, ni mo bá dé fìlà ọ̀hún wò. Ó ta mí bí agbọ́n, mo figbe ta. Ní báyìí, mi ò rántí orúkọ oníbàárà náà gan-an mọ́.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí bàbá rẹ bá bi ọ́ pé kí ló ṣe ẹ̀bátí mi, ẹ̀fọn ni o.

Ìyá rẹ