Òórùn Àdín Lára Dígí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí n jáde nílé lásìkò ọyẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fi àdín pa mí lẹ́sẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ lè gbà gbọ́ pé èmi tí mo máa ń sá pamọ́ bí ẹ bá ń pa adìẹ, èmi náà ni mo ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka àwọn èèyàn báyìí? Ọdún kìíní mi nìyí nílé ìwòsàn àwọn òyìnbó oníwàásù ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Mo ní mo ń kọ́ ọ ni o. N kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Àrùn kan ló wọ ìlú, lùkúlùkú ni wọ́n ń pè é. Á bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn, ara á gbóná, ikọ́ á tẹ̀lé e, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Dókítà wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé àdádó tó wà lẹ́yìn ìlú ni yóò lọ, àfi bí a bá rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibà ní tirẹ̀, a ní kuníìnì fún un. A ó gún ìka, a ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ, a ó da omi aró lé e, a ó sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó.

Ta lẹ rò pé ó ti Ọ̀yọ́ dé? Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí yín. Wọ́n gbọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé àrùn ń jà níbí, dípò kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n gbé ìkòkò àdín rù, wọ́n tẹ̀lé àwọn olóbì wá wò mí. Ìkòkò tí ẹ sè kẹ́yìn ni. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án látìgbà tí ẹ ti lọ. Bí wọ́n ṣe dé báyìí, ara wọn gbóná bí ààrò, òtútù sì ń mú wọn.

Ẹ̀rù bà mí. Bó bá jẹ́ ibà lásán ni, tí a wá kó wọn sáàárín àwọn tó ń húkọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti kó lùkúlùkú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ilé àdádó náà fún wọn.

“Ọkọ mi, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o máa wá kí mi níbẹ̀?”

“Wọn ò ní jẹ́ kí n wá, Ìyá Àgbà.”

“Ta ni mo máa wá máa bá jà?”

Mo gún wọn níka. Ẹ̀jẹ̀ náà kò tẹ́ rárá, ó ń ṣù jọ bí omi lórí ewé kókò. Nígbà tí mo wò ó, nǹkan roboto tó ń dán nìkan ni mo rí. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Èyí ti bàjẹ́. Ya òmíràn. Bí ìyẹn náà bá rí báyìí, ilé àdádó ni wọ́n ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Mo ti gbà pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Mo gbé dígí náà lọ fọ̀, mo sún un mọ́ ojú, òórùn kan sì lù mí nímú. Ìyá mi, ẹ̀yin ni. Òórùn ìró yín ni, nígbà tí ẹ bá pọ̀n mí. Ìyá Àgbà ti fi àdín yín para láti orí dé ọmọ ìka nítorí ibà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún wa. Ẹ̀jẹ̀ wo ló máa dúró lórí ìyẹn? Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín nídìí omi.

Mo gbé ọṣẹ àti omi dé ọ̀dọ̀ wọn.

“O fẹ́ fi ọṣẹ bó àdín ọmọ mi kúrò lára mi?”

“Ìka kan ṣoṣo ni, Ìyá Àgbà.”

“Máa mú un lọ, olè.”

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ náà tẹ́ dáadáa. Mo rí àwọn nǹkan wínníwínní bí òrùka. Mo wò ó, mo tún un wò, n kò gba ojú ara mi gbọ́. Mo pe Dókítà.

“Ibà ni. Fún wọn ní kuníìnì.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un wò.”

“Ìwọ lo rí i, ìwọ náà lo tún ń bá a jiyàn?”

Ìyá mi, ṣé ibà ló mú ẹ̀yin náà lọ, àbí nǹkan mìíràn? Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀jẹ̀ yín. Mo máa ń bi ara mi léèrè bí mo bá jókòó ti awò yẹn.

Ilé àbúrò yín nítòsí Takie níbí ni Ìyá Àgbà wà báyìí. Wọn kò húkọ́ rárá, ara wọn sì ti tutù. Wọ́n ní baba ńlá ewúro ni òyìnbó lọ̀ sínú kuníìnì. Lánàá, mo lọ tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò, mo gbé ọṣẹ lọ́wọ́. Gbogbo ara wọn ló ń dán fún àdín. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi, ìka kan sì gbẹ láàárín àwọn yòókù.

“Tìrẹ nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Èyí tó kù, ti ìyá rẹ ni.”

Èmi ni,
ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n mọ́.