Wọ́n Gba Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́ Mi

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, ìwọ tí mo bí tí wọ́n fi ń pè mí ní ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jí, ṣé iṣẹ́ ilé ìtajà ńlá yẹn ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá yín tó máa ń fọn imú kó tó sọ̀rọ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ilé ò ní lé ọ, ọ̀nà ò ní nà ọ́, ohun tí o ń wá kiri á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọ wá. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó wúkọ́ kó tó sọ ọ́, nítorí náà ìkíni yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà wà, kò sí ohun tó ṣe é, mo fi aṣọ wé e sínú agolo kí òjò má bàa rí i. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni obìnrin kan ti máa ń já lu ọ̀rọ̀ wa, á ní owó mi ti tán. Mi ò mọ ẹni tó ń sọ fún un. Nínú lẹ́tà, kò sẹ́ni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi.

Má bínú bí ìkọ̀wé mi bá ń fò sókè sódò. Ara mi ò balẹ̀ rárá. Bí mo bá jókòó, àga a máa ta mí, bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá lójú ọ̀nà oko ni mò ń yọjú wò. Wọ́n sì ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí.

O mọ ilé gbọọrọ tí àwa òṣìṣẹ́ oko ọsàn ń gbé, o kúkú dàgbà sínú rẹ̀. Kò yí padà, àfi pé páànù orí rẹ̀ ti jẹrà ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Yàrá wa ni omi fẹ́ràn jù. Èmi àti bàbá rẹ, àbúrò rẹ àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta, inú yàrá kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa ń sùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó fa ibùsùn sí ẹ̀gbẹ́ ìhín, a ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì wà láàárín wa bí ọmọ ilé. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo àwọn òṣìṣẹ́ oko ti sọ fún mi pé bí bàbá rẹ bá tún fi ẹ̀yìn ti ògiri tútù yẹn sùn ní òjò ọdún yìí, kí n má wulẹ̀ wá gba oògùn mọ́, nítorí kì í ṣe oògùn ni àyà rẹ̀ ń wá, ilé gbígbẹ ló ń wá. Ọ̀run sì ti ń ṣú.

Bí a ṣe wà lẹ́nu èyí ni máníjà oko pè wá jọ. Ó ní ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ láti fi kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ oko, pé ìjọba á san apá tó pọ̀ jù, olóko á fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwa náà á máa san owó ilé tí kò ní wọ̀ wá lọ́rùn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo jókòó rò ó. Bí ìjọba bá ni apá tó pọ̀ jù, tí olóko bá ni ilẹ̀, a jẹ́ pé fèrèsé nìkan ló máa ṣẹ́ kù fún wa. Mo ní kí bàbá rẹ sáré lọ sọ fún máníjà pé fèrèsé tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ ni tiwa, kí àwọn ẹlòmíràn tó mú un. Máníjà ní òun ti gbọ́. Mo tún bèèrè ibi tí owó náà wà, wọ́n ní ó wà ní báńkì. Ìyẹn ni pé owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé fún wa ti rí ilé gbé, ibi tí òjò kì í dé, àwa tí wọ́n tìtorí wa ya owó sọ́tọ̀ la ò tíì rí.

Ó wá ku ibì kan. Owó náà ò lè kárí gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà, ìjọba á rán èèyàn wá wo bí oko kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́lé fún. Ọmọ mi, o mọ̀ mí. Wọ́n ní àlejò ìjọba ń bọ̀ wá sínú yàrá mi, ṣé mo máa wá ká ọwọ́ gbera ni? Mo pe gbogbo obìnrin ilé gbọọrọ, mo ní ẹni tó bá fẹ́ fún èèyàn ní ilé tuntun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́jú, àbí ta ló máa gbé ọmọ tuntun fún abiyamọ tó gbàgbé ti àkọ́kọ́ sétí odò? Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. La bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A fi ọ̀dà funfun kun ojú ibi tí omi ti ń ṣàn lára ògiri. Mo bẹ awakọ̀ katakata oko wa kó gun òkè lọ fi ọ̀rá dí àwọn ihò páànù, ó ní ọ̀rá yẹn ò ní pẹ́ tó fi máa ya, mo ní àlejò náà ò kúkú ní pẹ́ tó ọ̀rá. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì pamọ́ sábẹ́ igi ọsàn. Àbúrò rẹ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sẹ́yìn ibi tí a ti ń di ọsàn, kí yàrá má bàa dà bí ọjà. Mo ní kí bàbá rẹ gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Ó gbé e mì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọge tí ìjọba rán wá kò lè dàgbà jù ọ́ lọ. Ó gbé fóònù kan tó fẹ̀ bíi síléètì dání, nítorí náà la ṣe ń pè é ní Onísíléètì. Ó yọ nǹkan kékeré kan tó ń ta iná pupa, iná náà bà sára ògiri bíi kòkòrò. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìdọ̀tí ló fi ń wá, mo fa aṣọ yọ, mo nu ibẹ̀. Ó gbé e sí ògiri kejì, mo sáré débẹ̀, mo nù ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ń wọn yàrá ni, kí n jókòó. Mo ní kó má ṣèyọnu, kì í tètè rẹ̀ mí. Ó bèèrè pé èèyàn mélòó ló ń sùn níbẹ̀, mo ní èmi àti baálé mi. Ó bèèrè bóyá ó ń jò, mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo tún jẹ́ kó mọ̀ pé a kì í ṣe ẹni tí kò léèyàn, pé àkọ́bí mi wà nílùú ńlá, ó ní àga pupa onítìmùtìmù àti fáànù onídùúró, mo ti fi ìdí ara mi jókòó nínú àga náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú síléètì. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ò tíì rí ilé òṣìṣẹ́ oko tó mọ́ tó báyìí. A sìn ín dé ìdí ọkọ̀, mo yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bóyá kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà ńbẹ̀, mi ò rí i, mo ní bóyá ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èsì dé. Ọmọ mi, àwọn ará oko ata tó wà lókè odò ni wọ́n fẹ́ kọ́lé fún! Àwọn tí aṣọ wọn ń gbẹ lójú fèrèsé, tí wọ́n jókòó sórí agolo gba àlejò ìjọba, tí àwọn ọmọ wọn tú jáde lójú rẹ̀ bí òròmọdìyẹ! Àwa tí a mọ́ ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Inú bí mi gan-an. Mo ní ìjọba yìí ò mọ iyì. Awakọ̀ katakata ló wá bá mi, ó ní kí n má bínú o, ẹni tí ìyà ń jẹ ni wọ́n ń wá kiri, èmi sì ti fi ọ̀dà kun ìyà tiwa, mo ti gbé e pamọ́ sábẹ́ igi ọsàn. Mo ní ta ló sọ fún ìjọba pé ìyà ń jẹ àwọn ará oko ata, tí kò sọ tiwa. Ó ní àwọn ará oko ata ló sọ ọ́ fúnra wọn.

Gbogbo ilé gbọọrọ yíjú sí mi. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo ti mọ òwe yẹn kí n tó bí ọ, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó jẹ́ pé dídákẹ́ ló dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọ̀rá ya, ọ̀dà funfun ṣàn wá sílẹ̀ bí omi ọṣẹ, bàbá rẹ sì wúkọ́ débi pé àwọn ọmọ ò lè sùn.

Awakọ̀ katakata ló bá wa dé ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní àyè oko kan ṣoṣo ló kù, Onísíléètì á tún wá lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ wọn ò ní sọ ọjọ́, nítorí àwọn bí èmi. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé gbọọrọ ṣèpàdé lé mi lórí. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ mi, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn katakata, ó ń bá awakọ̀ lọ sóko láràárọ̀. Wọ́n ní kí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà láàárín yàrá níbi tí àlejò á ti rí i. Ọmọ mi, mo lè fara da òjò, àmọ́ kí àlejò bá bọ́kẹ́ẹ̀tì láàárín yàrá mi! Ìtìjú yẹn ń jẹ mí lára bí èèsún. Láàárọ̀ yìí, mo rọra ń fi ọwọ́ ṣa ìdọ̀tí, ìyàwó àbúrò rẹ ká mi mọ́ ọn, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á padà síbi tí mo ti ṣà á.

Dúró ná, mo gbọ́ ọkọ̀.

Kì í ṣe òun, ọkọ̀ tó ń kó ọsàn ni. Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Mo fẹ́ sọ fún ọ pé ewúrẹ́ wa ti bímọ, àti pé... Òmíràn tún ń bọ̀, mò ń bọ̀.

Òun ni. Ó ti lọ báyìí. Ọmọ mi, inú òjò ló dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi kán sórí síléètì rẹ̀, ó fi apá aṣọ nù ún. Ó tún bi mí pé èèyàn mélòó ló ń sùn níbẹ̀. Méjì ló wà lórí ahọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Bàbá rẹ wá wúkọ́, mo wò ó, kò gbé e mì lọ́tẹ̀ yìí, ó wú u tán pátápátá. Mo ní méje. Mo fi ọwọ́ hàn án níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń na ẹsẹ̀ sí, ó sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ó bèèrè bóyá ó ń jò, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé ojú ń tì mí. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbóòórùn ọ̀dà tútù nígbà tí òun kọ́kọ́ wá, àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún òun lòun ń kọ. Ó gbé síléètì sílẹ̀, ó bá mi fa ibùsùn kúrò nínú omi. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, kí a máa retí. Mo sì ń retí, ìdí nìyí tí mi ò fi lè jókòó.

Ìgbà tó lọ tán ni àga pupa rẹ wá sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ tí mo wá kí ọ, aládùúgbò rẹ wọlé wá kí mi, kò wo ibòmíràn, inú àga yẹn ló lọ tààrà, ó sì gbé ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí tìmùtìmù ti jìn, bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ìwọ tẹ fáànù títí, kò yí. Òun ló kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí. Mo ní aládùúgbò rẹ mọ nǹkan ṣe o. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, mo sì délé ròyìn.

Ọmọ mi, ṣé ti aládùúgbò rẹ ni àga àti fáànù náà?

Mi ò bínú. Ta ni mo máa bínú sí, ṣé ẹni tó kọ́ ọ ni? Mo ti fẹ́ sọ fún ọ pé kí o fi owó ránṣẹ́ fún oògùn ikọ́ bàbá rẹ àti ọ̀rá tuntun tí a ó fi dí òkè títí ìjọba á fi dáhùn, mo ṣì ń sọ ọ́, fi ránṣẹ́ bó bá wà. Àmọ́ kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi, kí o sọ ohun tó máa ń wà nínú yàrá rẹ nígbà tí mi ò bá sí ńbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán lo ń jókòó sí, kọ ọ́ pé ilẹ̀ lásán ni, ká lè mọ ibi tí a ó gbé àdúrà gbà.

Ilé ni àbọ̀sinmi oko, kí Ọlọ́run fún ìwọ náà ní ilé tí o lè bọ̀ sí kí o sinmi, àga tó mọ ìdí rẹ, fáànù tó ń gbọ́ tìrẹ. Kí ojú má tì wá. Bó bá sì tì wá, kó má pa wá lẹ́nu mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí a bá ti ká ọsàn tán, mò ń bọ̀ wá wò ọ́. Má gbálẹ̀ dè mí.