Píìnì Irun Lẹ́sẹ̀ Keje

Ajé, 16 Ọ̀wàrà
Àlékún tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí mo sọ Ọ̀gá Gundappa nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ló wà. Tí nǹkan kò bá ti ṣiṣẹ́, ṣe ló máa ń fi iná kún un. Àpótí tanpúrà oníná wa, tó ń kùn lẹ́yìn akọrin bí ohun èlò olókùn mẹ́rin, ló fa ọ̀rọ̀. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú rẹ̀ bí aṣọ́nà: ohùn mẹ́jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ kó kọjá. Mo ní ká fún un ní iná fóòtì márùn-ún lókè òdo, márùn-ún nísàlẹ̀ òdo. Ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè, òdo nísàlẹ̀, kí n yé ṣahun. Èmi, ahun!

Ó tún ní tí Ìyá Bhagirathamma, olùkọ́ orin, bá kọ àpótí yìí lọ́jọ́ Vijayadashami tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tuntun, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní Mysuru ni yóò máa ya àwòrán iṣẹ́. Kí èmi padà sídìí òjé jíjó, tí a fi ń lẹ wáyà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jó òjé. N kò padà.

Ọjọ́rú, 18
Fóòtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún ṣíìpù, fóòtì márùn-ún péré ló fi ń sọ̀rọ̀. Ṣíìpù kò gbọ́. Ohùn kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú ife kọfí.

Ẹtì, 20
Àlékún já a wálẹ̀ sí márùn-ún. Òdo ṣì ni nísàlẹ̀. Ṣíìpù ti ń gbọ́ràn — àpótí wá ń ké bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Ohùn a máa gòkè, a sì máa lọ sísàlẹ̀ òdo. Ìdajì ìsàlẹ̀ ni aṣọ́nà ń gé dànù. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní sípíkà ló bàjẹ́.

Àìkú, 22
Ó ra sípíkà tuntun. Ó ń ké síbẹ̀.

Ajé, 23 — Ayudha Puja, ọdún irinṣẹ́
Gbogbo irinṣẹ́ wà níwájú òrìṣà. Òdòdó lára irin tí a fi ń jó òjé, ìyẹ̀fun kúńkúmù pupa lójú mítà tí a fi ń wọn iná. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí di ọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún ni ìyá olórin ń bọ̀!

Àlékún lọ pín gúgúrú ìrẹsì fún àwọn aládùúgbò. Ó ku èmi àti àpótí.

Irinṣẹ́ la ní kó sinmi. Ta ló dárúkọ ìka? Mo fi ìka yọ ṣíìpù, mo tẹ ẹsẹ̀ keje rẹ̀, èyí tó ń gba iná ìsàlẹ̀, síta kúrò lórí òdo, mo dá ṣíìpù padà sáyè rẹ̀. Mo yọ píìnì irun mi, mo fi eyín bó ọ̀dà ara rẹ̀, mo há a sáàárín ẹsẹ̀ náà àti ibi tí márùn-ún ìsàlẹ̀ òdo ń gbà kọjá. Píìnì irun kì í ṣe irinṣẹ́. Mo bẹ òrìṣà kó bá mi gbà bẹ́ẹ̀. N kò lè dán an wò, mítà ń sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìṣẹ́gun, 24 — Vijayadashami
Ìyá Bhagirathamma tan án. Ó dún — ó mọ́ tónítóní. Ìyá pajú dé, ó bá a kọrin díẹ̀, ó ní òun gbà á, kí a ṣe mẹ́wàá fún ilé ẹ̀kọ́ òun. Ọkàn mi balẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan. Àlékún ti ń ṣí ìdérí kó lè fi sípíkà rẹ̀ yangàn.

Ó rí píìnì. Ó wo irun mi. Ó wo ibi tí àwọn irinṣẹ́ sùn sí.

“Kí lèyí, Nagarathna?”

“Píìnì irun ni, sà. Kì í ṣe irinṣẹ́.”

Ó ti ìka bọ kúńkúmù, ó fi kan píìnì náà.

“Irinṣẹ́ ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, á sinmi pẹ̀lú àwọn yòókù. Lọ tún àwòrán yà: márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀.”

Ìdí tábìlì àwòrán ni mo ti ń kọ èyí. Irun mi ti tú bo ojú. Ó kọ̀, kò dá píìnì náà padà.