Ewéko Tí Mo Gbé Sójú Oòrùn

Àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé o ti bá mi wá ìyàwó tuntun. Mi ò fẹ́. Mo ń jẹun dáadáa níbí. Ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gbójú sókè wò mí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìwádìí nípa ewé ló ń ṣe. Ó ní àwọn purotéènì kan wà lára awọ tín-ín-rín inú ewé, àwọn ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di agbára tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ. Ó gbé ewéko kan wálé tí ọ̀kan nínú wọn kò sí lára rẹ̀, ó gbé e sí ibòji. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá gbé e sójú fèrèsé. Oòrùn jó o gbẹ.

"Bàbá, ẹ ti pa á," ọmọ mi wí. "Ìmọ́lẹ̀ tí kò lè lò ló jó o."

Mo ní kó kọ ìyẹn sí ọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá ọmọ mi yìí ni ẹ̀yin ẹbí ti ń da àlejò àti ìyàwó lé mi lórí. Ẹ gbé oòrùn yín kúrò! Ibòji tí mo wà yìí tó mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí obìnrin tí o wá fún mi náà pẹ̀lú. Sọ fún un pé ó rẹwà nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi, kó tètè lọ fẹ́ ẹni tó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ