Wọ́n Ní Ẹ̀jẹ̀ Mi Gba E

Igbodigo,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsìn ìkórè.

Tẹjúmádé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí èyí tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Olúwa tó gbé ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì ti bímọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo fẹ́ sọ, jọ̀ọ́ jókòó kí o tó kà á.

Àwọn dókítà kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wòlíì ní kí àwa àgbà kọ́kọ́ na apá, mo sì nà án. Nígbà tí wọ́n padà wá, èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wọn, Dókítà Ìdáraolúwa, pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní E. Ojú tì mí. Ìwọ tó o máa ń gba A nílé ìwé, bàbá rẹ wá gba E! Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n tún un ṣe, mo ní ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ náà.

Mo délé, mo ya àwo mi sọ́tọ̀, mo gbé ẹní mi lọ sí pálọ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé ọbẹ̀ ni mò ń bínú sí. Nígbà tó yá ó bú sẹ́kún, ó ní tí mo bá ti rí obìnrin kan ní ìlú Òde-Ayé kí n kúkú sọ, ni mo bá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó wé gèlè, ó pe ọlọ́kadà, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Ìdáraolúwa ní ilé ìwòsàn wọn ní Okitipupa.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó ní E kì í ṣe máàkì. Ó ní kòkòrò yìí wà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́ níbì kan ló ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èdè àwa Ìkálẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti Oǹdó àti Ìlàjẹ. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn, E ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ káàkiri, kí wọ́n lè mọ èyí tó wà níbo. Mo bi í pé ṣé tèmi yìí gbọ́ Ìkálẹ̀, kí n bá a sọ̀rọ̀ kó jáde. Ó ní kò gbọ́ èdè kankan, oògùn ló ń gbọ́.

Ó ní kì í ti ara àwo tàbí ẹní ranni, ẹ̀jẹ̀ ni, àti àárín tọkọtaya, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ mọ́, wọ́n ti ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì dára, oògùn ni mò ń lò láràárọ̀. Mo ti gbé ẹní mi padà sí yàrá.

Nítorí náà, ọmọ mi, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà wò. Bí ó bá wà níbẹ̀, má bẹ̀rù. Dókítà ní bí wọ́n bá ti ń bí ọmọ ni wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, kí àrùn náà má ráyè wọlé.

Bá wa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, nítorí a ó máa lọ máa bọ̀ ní Okitipupa. Fóònù ìyá rẹ ni kó o fi í sí. Mo ti tú ẹ̀yìn fóònù tèmi wò, mi ò rí ibi tí owó lè gbà wọlé.

Olúwa yóò sọ ọ́ kalẹ̀ tàyọ̀tàyọ̀, ohùn ìyá, ohùn ọmọ. Tètè gbé e wá sílé. Mo bi Dókítà bóyá mo lè gbé e mọ́ra, kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan tirẹ̀. Ó ní mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún bi í, ó tún ní mo lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dominic Àríyọ̀.