Màmá Ẹ-Má-Gbé-E-Sílẹ̀, Ìyá Tó Di Fóònù Mú Títí Lífìtì Fi Ṣiṣẹ́

Inú yàrá kan tó kọjú sí ojú irin ni a ti bí olóògbé, ìyá wa ọ̀wọ́n tí tẹbí tará mọ̀ sí Màmá Ẹ-Má-Gbé-E-Sílẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1947. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wọn, àsíá àti fìtílà ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Ìyá wọn ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ìdílé aláriwo ni, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè rọra sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá nìkan ni ohùn wọn tutù nínú ọmọ márùn-ún. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn rò pé etí ọmọ náà di ni, àṣé ó ń fetí sí gbogbo èèyàn ni.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1953, wọ́n sì parí ìwé mẹ́wàá ní ọdún 1965. Kì í ṣe ìṣirò ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé, kí a má parọ́ mọ́ òkú. Ohùn wọn ni. Àwọn ni olórí ilé ìwé máa ń pè láti ka ìkéde fún gbogbo ọmọ láràárọ̀, nítorí tí Màmá bá kà á, kò sẹ́ni tó máa ń béèrè pé kí ni wọ́n wí.

Ní ọdún 1966, Màmá wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Àwọn ọmọ wa tó ń fi ìka kan pe òkè òkun lónìí lè má mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àwọn obìnrin jókòó ní ìlà níwájú pátákó ńlá tó kún fún ihò, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, okùn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn ni yóò ki okùn bọ ihò tó yẹ. Òfin kan wà tí ọ̀gá wọn kì í fi ṣeré: òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbé fóònù sílẹ̀. Bí ìlà bá ń hó yeeyee, Màmá á ní, “Ẹ má gbé e sílẹ̀ o, mo ń wá wọn bọ̀.” Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ wọn lára, ó sì tẹ̀ lé wọn dé ilé ọkọ, dé ṣọ́ọ̀ṣì, dé inú ìwé yìí.

Bí wọ́n ṣe pàdé Bàbá kò ṣòroó sọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Bàbá, fóònù gáréèjì ni wọ́n sì fi ń pe ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, tí wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn wá ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Màmá á wá a títí, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó gbé e. Bàbá á dáhùn pé kò burú, àwọn ń dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Màmá tó gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá sílé láti ọdún tó kọjá. Lọ́jọ́ náà, ohùn Bàbá ti mọ́ wọn létí, ìfẹ́ sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún 1970. Títí di òní, Bàbá ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé bíréèkì ni àwọn ń wá.

Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ọdún 1986, ẹ̀rọ tó ń so ìlà pọ̀ fúnra rẹ̀ dé, pátákó oníhò-púpọ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sì gbé Màmá lọ sí ìdí fóònù ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2007. Màmá kò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ẹni tó ń pè ń sunkún.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá. Inú ẹgbẹ́ tó ń bẹ aláìsàn wò ni wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní ìwà kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: wọ́n lè jókòó ti aláìsàn fún ìgbà pípẹ́ láìsọ nǹkan kan, kí wọ́n kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù á ti gbàdúrà tán, wọ́n á ti wà ní ẹnu ọ̀nà, Màmá á ṣì wà lórí àga.

Ní ọdún 1991, ìdílé wa kó lọ sí àjà kẹfà ilé gíga tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá wa ṣeré. Èèyàn tó ti ibi gbogbo wá ló wà níbẹ̀. Télọ̀ tó wà ní àjà kejì gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì tó wà ní àjà kẹrin máa ń kí wa ní èdè tiwa, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Onílé wa àtijọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tí èèyàn lè lọ bá ní ilé rẹ̀, kó sì bá a fa ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2016, ó ta ilé náà. Ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri la fi mọ̀ pé a ti di ti ilé iṣẹ́ kan tó wà lókè òkun. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹnì kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, lífìtì ilé náà dákẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá ní ìbàdí nígbà náà, dókítà sì ti ní kí wọ́n má sún mọ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, orí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ibùdókọ̀ ni ọ́fíìsì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí àwọn awakọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń yà, tí wọ́n sì ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Wọ́n wá di ẹni tó ń wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn ò wo fèrèsé mọ́. Wọn ò fá irùngbọ̀n, wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. Ẹ̀rù bà wá gan-an. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ní kí Bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, Bàbá ní ibo ni àwọn fẹ́ gbà dé ìsàlẹ̀ ná. Màmá mọ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, inú yàrá náà ni ọkọ wọn yóò kú sí.

Gbogbo wa ló ń pe nọ́ńbà náà. Ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí yóò ní kí a tẹ ení, kí a tẹ èjì, lẹ́yìn náà ọmọbìnrin kan á gbé e. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà, kì í ṣe tiwa, kì í ṣe ti àwọn tó ni ilé. Èdè tí a jọ kọ́ nílé ìwé la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Àwọn ayálégbé bú ọmọ náà bú u, wọ́n bú u títí dé ìran baba rẹ̀. Olóṣèlú kan tilẹ̀ wá nígbà ìdìbò, ó ya fọ́tò níwájú lífìtì, ó ní òun fẹ́ lọ kí Bàbá lókè. Ó dé àjà kẹta, ó mí hẹlẹ, ó ní kí a bá òun kí wọn.

Màmá nìkan ni kò bú ọmọ náà. Wọ́n gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti há, wọ́n bi í bóyá ó ti mu omi. Télọ̀ bínú nígbà tó gbọ́, ó ní Màmá ń bá ọ̀tá ṣọ̀rẹ́. Màmá fèsì pé, “Ọmọ yẹn kọ́ ló nilé. Bóyá òun náà ń háyà ni.”

Nígbà tí Màmá pè lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, tí ẹ bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yín ti yanjú. Èmi ò láṣẹ láti gbé e sílẹ̀, àfi tí ẹ bá bú mi. Ṣùgbọ́n tí kò bá sẹ́ni tó gbé e sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á máa gòkè lọ ni, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè buwọ́ lù ú.” Báyìí la ṣe mọ̀ pé gbogbo èébú wa ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó ti yanjú.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé e wá. Màmá fa àga sún mọ́ ògiri, wọ́n ki ṣájà bọ iná, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dáná, wọ́n gbé fóònù lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ọmọ náà sọ nípa ẹ̀yìn tirẹ̀. Ìròyìn ti tàn ká ilé, kálukú ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti wá gba fóònù náà dì mú. Nígbà tó kan Télọ̀, Màmá ní kó kó píìnì tó fi ń di aṣọ mú sẹ́nu, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, kí èébú má baà rí ọ̀nà jáde. Ó sì kó o sẹ́nu, ó ń dáhùn “ùn, ùn” bí ọmọ dáadáa. Bàbá dìde lórí ibùsùn wá wò ó, a sì gbọ́ ẹ̀rín wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Àsìkò iṣẹ́ ọmọ náà parí, kò lọ sílé, nítorí tó bá dìde, ìlà á já. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á, ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ gbà á. Iná òpópónà ti tàn nígbà tí ọkùnrin kan bọ́ sórí ìlà láti orílẹ̀-èdè mìíràn pátápátá, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n fà kúrò nídìí oúnjẹ. Ó béèrè pé kí ni ìyá yìí ń fẹ́ gan-an.

Màmá ní, “Ọkọ mi fẹ́ jáde.”

Ọkùnrin náà béèrè àjà tí a wà, ó ní òun yóò buwọ́ lù ú. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dúró kó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni àwọn tó ń tún lífìtì ṣe dé. Bàbá fá irùngbọ̀n, wọ́n dé fìlà iṣẹ́ wọn, wọ́n wọlé sínú rẹ̀ pẹ̀lú Màmá. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n sọ fún ẹni tó tún un ṣe pé bíréèkì rẹ̀ le jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé fi Màmá ṣe alága, ipò tí wọ́n wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọ orí fóònù náà fi fóònù ara rẹ̀ pè wọ́n, ó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún wọn, nítorí èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un kó lè rọrùn létí àwọn oníbàárà. Wọ́n ti yọ nínú owó oṣù rẹ̀ nítorí wa. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Màmá àti ọmọ yìí jọ ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà lé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fèsì rọ́pò wọn. Màmá sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n lé ọmọ bíbí inú wọn. Inú wọn dùn nígbà tó tún ríṣẹ́ nídìí fóònù àwọn tó ń pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó bi Màmá pé kí ni òun yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Màmá ní, “Sọ fún un pé o wà níbẹ̀.”

Àìsàn ránpẹ́ ló gbé Màmá ní oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n ti pe àwa ọmọ jọ ṣáájú, wọn ò sọ̀rọ̀ ohun ìní. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Tí mo bá lọ tán, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun á fẹ́ mú bàbá yín lọ, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé á fẹ́ kó máa sinmi. Ẹ má ti bàbá yín mọ́lé.” A ṣèlérí. Wọ́n sùn lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Màmá fi ọkọ sáyé lọ. Wọ́n fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, àti ọmọbìnrin méjì, olùkọ́ àti oníṣirò owó, tí wọ́n wà lókè òkun. Ọmọ-ọmọ méje ló ń ṣọ̀fọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn ń sọ Yorùbá, àwọn kan ń gbìyànjú. Ọmọ mìíràn sì wà tí Màmá kò fojú rí rí, tí kò rí ìwé àṣẹ ìrìnnà gbà láti wá síbi ìsìnkú yìí. Ọmọ wọn ni, a sì kà á mọ́ ara wa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ wá lónìí, àárín yín ni wọ́n jókòó sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sinmi lókè. Lọ́la náà, nígbà tí a bá ti tú ká, tí ẹ bá ń kọjá níbi bẹ́ǹṣì wọn, ẹ yà síbẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá ní ẹ ò mọ ọkọ̀ wà, ẹ gbà fún wọn.

Màmá wa, ilẹ̀ á rọ̀ yín lára, Olúwa á fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún yín. Ẹ sùn re o. Bàbá wà ní ìta.