Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Mo Gbà Láti Dín Ara Mi Kù

Sí Ẹ̀gbọ́n mi Hùsẹ́ínátù, ní Òkè-Oyi,

Àsàlámù àlékùn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà tó máa pẹ́ lára yín. Àwa náà wà, Àmínù ti pé oṣù méje. Ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ìwọ̀nba kéú tí bàbá wa kọ́ mi kí wọ́n tó fún mi lọ́kọ ni mo fi ń kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọkọ yín ló máa kà á fún yín.

Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí mo ti bímọ ni ara mi ti ń pọ̀ sí i. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyá ọmọ níbí. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n gbá ọmọ odó mú, wọn ò jẹ́ kí n lọ sódò, wọ́n ní àkọ́bí ilé àwọn ni mo bí. Túwó láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, iyán lálẹ́. Bí mo bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, wọ́n á ní ṣé ọbẹ̀ àwọn ò dùn ni. Ogójì ọjọ́ kọjá, wọn ò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, bí mo bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, mo ti ń mí hẹlẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkejì yín, Hasanátù tí wọ́n bí yín pọ̀, ṣe ń mí lọ́dún tó kú. Ó sanra bíi tèmi, ó sì fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Mo bá sọ nínú ara mi pé mo gbọ́dọ̀ fúyẹ́.

Ọkọ mi ló mú ti àkọ́kọ́ wálé láti ibi iṣẹ́ rélùwéè. Ó ní òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ikùn rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí bàtà ara rẹ̀. Ó ti fi búrẹ́dì àti iṣu sílẹ̀, ẹran àti ẹyin àti ẹ̀fọ́ nìkan ló ń jẹ, ó sì ti ń rí bàtà báyìí. Ẹ̀rín ni ọkọ mi fi sọ ọ́, èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkèlè sílẹ̀, mo ń ṣa ẹran. Lóòótọ́ ara fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò yàgbẹ́, ẹnu mi ń rùn, orí ń fọ́ mi. Inú àwo kan náà sì ni àwa obìnrin ilé ti ń jẹun. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wò mí, ó ní, “Ìyálé, ṣé ológbò lẹ fẹ́ dà ni?” Mo pa ẹran jíjẹ náà tì.

Lami, obìnrin Fúlàní tó ń gbé nónò, omi wàrà kíkan, wá láti gáà àwọn darandaran, ló kọ́ mi ní ìkejì. Ó tín-ín-rín bí ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ó ti bímọ márùn-ún. Ó ní nónò ni kí n máa mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n má fi fùrá jéró sí i, kí n má jẹ nǹkan kan mọ́. Òfin tirẹ̀ rọrùn láti rántí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mò ń yàgbẹ́ bí omi, bí oòrùn bá sì ti mú, ojú mi á ṣú. Mo sọ fún un. Ó ní, “Èmi gan-an, ìrìn ló jẹ́ kí n rí báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà gáà.” Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní nónò lòun ń tà, òun ò ta ìrìn.

Ìkẹta ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ rántí pé inú ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni àwẹ̀ tó kọjá bá mi, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi. Mo ní màá gbà á padà, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo fi àwẹ̀ Ọlọ́run bo ohun tí mò ń wá. Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ ń yìn mí fún àwọn aládùúgbò. Ọjọ́ mọ́kànlá léra ni mo gbà. Aṣọ ń tú lára mi lóòótọ́, àmọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀, mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọyàn mi sì rọ̀ bí àpò òfìfo. Àmínù á fà á, á fà á, á sunkún títí kò fi ní lágbára ẹkún mọ́. Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí i, mo sì ní kí àwẹ̀ náà kọ́kọ́ pé ọgbọ̀n ọjọ́ ná.

Lọ́jọ́ kejìlá, ìyá ọkọ mi ń fi òróró pa Àmínù lórí, ni ọwọ́ wọn bá dúró. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn, ó di ọ̀dọ̀ Àfáà Abdulraheem lẹ́bàá mọ́sálásí. Àfáà wo ọmọ, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Kùdírátù, kí ni àníyàn rẹ nínú àwẹ̀ yìí?” Mi ò lè parọ́. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí kí n má kú bíi Hasanátù. Àfáà ní, “Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, tó ń bẹ̀rù fún ọmọ, Ọlọ́run ò lé e. Ìwọ lò ń lé ara rẹ. Omi nìyí.” Oòrùn ṣì wà lókè. Mo mu ún níwájú wọn, omijé ń kán sínú igbá.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ìyá ọkọ mi ní, “O wá ń wò mí kí n máa bu oúnjẹ fún ọ lójoojúmọ́, o ò lanu?” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ìkòkò omi fún mi, wọ́n ní ó yá. A jọ ń lọ odò Àsà láràárọ̀ báyìí, àwọn pọn ọmọ, èmi ru omi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń jẹun, àwọn fúnra wọn ló ń bù ú, ó sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ọyàn ti ń kún. Mi ò tíì fúyẹ́ tó bí mo ṣe fẹ́, mo ṣì ń mí hẹlẹ tí a bá ń gun òkè bọ̀, àmọ́ mo ti ń kọjá ibi tí mo máa ń jókòó sí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Hasanátù ń lọ. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní mo kéré. Ṣé ara sísan ló pa á, àbí nǹkan mìíràn ni? Bó bá jẹ́ ara ni, ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi pa mọ́ fún mi torí pé mò ń fọ́mọ lọ́yàn. Ohun tí mi ò mọ̀ yìí ló lé mi débi tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọmọ mi. Mohammed tó ń ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ yín ló mú ìwé yìí wá, ẹ fún un lésì.

Ọlọ́run á forí ji Hasanátù, á fẹ̀ ẹ́ láyè nínú sàréè. Á dá yín sí fún àwa tó kù, á sì jẹ́ kí ojú wa ríra pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,
Kùdírátù, ìyá Àmínù.

Mo gbàgbé: Àmínù ti hu eyín kan nísàlẹ̀. Ó fi gé mi lọ́yàn jẹ lánàá, mo lọgun. Ìyá ọkọ mi ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó lágbára àtigéni jẹ kò ṣàìsàn mọ́.